Ẹ̀yìn Jíìpù Mi

Mo gbé e dé ìsọ̀ Búsàrí wẹ́dà ní Òkè-Báálẹ̀,
jíìpù tí mo rà lọ́wọ́ awọnlẹ̀ kan tó fẹ̀yìn tì,
tó ti gun òkè, tó ti la ẹrẹ̀ kọjá,
tí ilẹ̀kùn òsì rẹ̀ ń ké bí ewúrẹ́ tó ń wá ọmọ.
Búsàrí yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó fi òòlù kàn án nídìí.
Ó ní, "Dókítà ẹran, kí lẹ fẹ́ ká ṣe sí i?"

Mo ní ẹ̀yìn ni. Ẹ̀yìn ni mo bá wá.
Ọdún mẹ́ta ni ẹrù mi ti ń jà níbẹ̀:
jáàkì ń gun orí igò, sípánà ń sùn nínú gààrí,
abẹ́rẹ́ tí mo wá títí ní Ìlobùú,
Ìkìrun ni mo ti rí i, lábẹ́ táyà.
Ẹrù tí kò ní ibùgbé,
olówó rẹ̀ ni yóò máa ṣí kiri.

Ọyáwálé káfíńtà fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sórí pákó.
Dúrọ́ọ̀ méjì lápá òsì, ọ̀kan lórí ọ̀kan,
tí yóò máa yọ jáde bí ahọ́n:
irin nísàlẹ̀, oògùn lókè,
kí wọ́n má bára wọn sọ̀rọ̀.
Ìbòrí wọn ni tábìlì mi,
níbẹ̀ ni n ó ti máa fa abẹ́rẹ́,
níbẹ̀ náà ni n ó ti máa gé búrẹ́dì.
"Ẹ fi ìkọ́ tì í o," ni mo wí,
"títì Ìbòkun kò mọ ẹni tó ru ẹyin."

Kúlà àjẹsára, ẹ dì í mọ́ ẹ̀yìn àga mi
níbi tí oòrùn ò ti ní rí i.
Kẹ́ẹ̀gì omi, ìsàlẹ̀ pátápátá;
ẹrù wúwo kì í gbé orí ọkọ̀
àfi bí ọkọ̀ bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí igbó.
Ohun fúyẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé gòkè: tàpólì, ẹní,
pákó méjì tí mo máa ń tẹ́ fún táyà
nígbà tí ẹrẹ̀ bá fẹ́ gbé e mì.
Àpò ẹ̀yìn àga ti wà nílẹ̀.
Ìyá Mórẹ́nikẹ́, télọ̀ Ìgbọ̀nà,
ló fi ṣòkòtò jíǹsì ọkọ rẹ̀ tó kú rán an,
àpò mẹ́fà, bọ́tìnnì ṣì wà lára ọ̀kan.

"Okùn ńkọ́?"
Ìta ni okùn ń gbé, lára bọ́ńpà.
Ẹni tó rì kì í ráyè wá kọ́kọ́rọ́.

Ọyáwálé wọn apá ọ̀tún. Inú rẹ̀ dùn.
"Àyè ṣì pọ̀ níbí! Dúrọ́ọ̀ kẹta. Firíìjì kékeré.
Kódà, àga tí wọ́n ń ká."

Mo ní rárá.
Wọ́n wò mí.

Òjò èṣí, ní Abà Olósàn,
ewúrẹ́ ni mo lọ tọ́jú.
Wọ́n gbé Adétutù jáde lórí ilẹ̀kùn
tí wọ́n yọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rọbí.
Odò ti bo afárá, ọkọ̀ mi nìkan ló lè kọjá.
Mo ṣí ẹ̀yìn.
Kò sí ibi tí ènìyàn lè sùn sí.
A ń kó ẹrù sílẹ̀ nínú òjò, ọ̀kọ̀ọ̀kan,
igò, táyà, sípánà, gààrí.
Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún. Mo kà á.
N ò ní sọ ohun tí wọ́n mú lọ.
Adétutù wà láàyè. Ó máa ń kí mi tí mo bá débẹ̀.

Ọyáwálé ká téèpù rẹ̀.
Ó bọ́ bàtà, ó gun ẹ̀yìn jíìpù,
ó nà gbalaja lápá ọ̀tún, ó wojú òrùlé.
"Búsàrí," ó ní, "ẹ gé dúrọ́ọ̀ yẹn kù ní ìka mẹ́rin.
Èjìká mi ò gbà."

Búsàrí tan iná wẹ́dà.
Gbogbo wa yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́,
bí ẹni pé torí iná náà ni.