Apá Òsì

Èmi ni mo ń pọ́n bàtà Orest Hrynkiw,
ọdún mẹ́sàn-án gbáko, ní Thunder Bay,
nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé,
níbi tí òórùn irin gbígbóná àti ìbọ̀sẹ̀ tútù
ti ń bára wọn du ààyè.
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.
Àwọn oníwèé ìròyìn kò fọwọ́ kan abẹ bàtà rẹ̀ rí.

Apá òsì ló ń gbá nínú họ́kì.
Àgbà ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ọ̀nà ilé baba ẹni.
Orest fi òsì júwe tirẹ̀:
ẹ la oko àlìkámà kọjá,
ẹ yà níbi àká ọkà tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí,
ẹ ó bá baba kan ní àgbàlá lóru,
ó ń fi rọ́bà omi rin ilẹ̀
nínú òtútù tí itọ́ fi ń dì kó tó balẹ̀.
Ilẹ̀ mọ́, omi ti sùn.
Ọmọ jí, ó gun omi lẹ́yìn.

Omi kò lọ́tàá, wọ́n ní.
Ó dáa.
Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì fi àgbọ̀n lu omi tó di òkúta.
Eyín mẹ́ta ni Orest fi san owó orí:
méjì lórí yìnyín,
ọ̀kan nínú búrẹ́dì gbígbẹ
ní ibùdókọ̀ kan tí kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́.

Ṣé kí n sọ ti bọ́ọ̀sì?
Wákàtí mẹ́rìnlá, ẹsẹ̀ ẹnì kan nínú ìhà ẹnì kejì,
Lindqvist ń hanrun, Thibodeau ń ta káàdì,
Orest gbé orúnkún òsì lé àpò yìnyín.
Ẹni tó ṣe é lóró náà ni wọ́n ní kó máa tọ́jú rẹ̀.

Tẹlifóònù wá dún.
Líìgì ńlá. Ẹnì kan ti ṣèṣe, wọ́n ń wá òsì.
Mo pọ́n bàtà yẹn bí ọ̀bẹ oníkọlà.
Eré mẹ́tàlélógún. Góòlù ẹyọ kan:
ẹlòmíràn ló gbá a,
rọ́bà dúdú fò, ó bà á ní ìdí,
ó yà sínú àwọ̀n bí àlejò tó ṣi ilé wọ̀
tí wọ́n sì bu oúnjẹ fún.
Orest fò sókè.
Ta ní í bi ayọ̀ pé ẹnu ọ̀nà wo lo gbà wọlé?
Ìyá rẹ̀ gbé rédíò lé orí fìríìjì,
ó ń sunkún sínú ọbẹ̀ pupa.

Wọ́n dá a padà fún wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
rọ́bà náà nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Abẹ kì í parọ́.
Ní oṣù Kejì mo rí i pé etí inú bàtà òsì
kò jẹ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.
Ó ti ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún bo àṣírí ẹsẹ̀ òsì.
Mo dákẹ́. Mo pọ́n ọn.
Oṣù Kẹrin ni dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́.
Ẹ bi mí bóyá ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀.
Mi ò tíì mọ̀.

Ní báyìí, ọkọ̀ tó ń fọ yìnyín ló ń wà ní abúlé rẹ̀,
ó ń lọ yípo, yípo, òsì ló máa ń yà sí,
àwọn ọmọdé dúró létí ọgbà, wọ́n ń retí kó kúrò níbẹ̀.

Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, páálí kan dé.
Bàtà inú rẹ̀ kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi.
Ó kọ ọ́ sínú ìwé: ti ọmọ mi obìnrin ni,
má jẹ́ kó mú jù.

Mo pọ́n ọn.
Mo fi èékánná àtàǹpàkò mi dán an wò.
Eruku funfun díẹ̀ já bọ́.