Ọ̀rọ̀ Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Ní Kuopio, nínú oṣù kìn-ín-ní, ilẹ̀ kì í mọ́ bọ̀rọ̀.
Adágún omi ti dì gbagidi,
ọkọ̀ ń gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni ń gba títì.
Aune ìyàwó mi jókòó níwájú obìnrin kan tí kò wọ aṣọ funfun.
Obìnrin náà ka ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i létí:
afárá, òòlù, ẹ̀gbọ́n, bọ́tìnnì, ọkà, títí dé òpin.
Ó ní, "Ẹ dá wọn padà fún mi."
Aune dá mẹ́rìnlá padà.
Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mẹ́rìnlá náà ni.
Èmi tí mo jókòó nídìí fèrèsé ti gbàgbé mẹ́wàá.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìdánwò ni, pé ó ti yege.
Dókítà Sarkkinen kò rẹ́rìn-ín.

Ó gbé àwòrán ọpọlọ síwájú iná.
"Apá òsì nìyí. Ibí ni wárápá ti ń dáná.
Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ti gbẹ, tó ti sọ̀ bí èso tí òtútù pa,
a ó gé e kúrò, kò ní sí ohun púpọ̀ tí yóò bá a lọ.
Ti ìyàwó yín ṣì sanra. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́."
Ọlọ́run mi! Orí pípé wá di gbèsè.
Ẹni tí kò ní nǹkan nílé, kí lolè fẹ́ jí?

Dókítà kì í ṣe wòlíì, ìṣirò ló ń ṣe:
ọjọ́ orí rẹ̀,
ọdún tí wárápá kọ́kọ́ gbé e ṣánlẹ̀, mọ́kàndínlógún,
apá tí wọn yóò gé,
àti mẹ́rìnlá yẹn, mẹ́rìnlá tí mo fi ń yangàn.
"Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó rí báyìí,
àádọ́rin ni kò ní ṣubú mọ́.
Márùndínláàádọ́ta ni ọ̀rọ̀ yóò máa jò lọ́wọ́ wọn."
Aune bi í léèrè, "Èwo nínú wọn ni mí?"
Dókítà wo bàtà ara rẹ̀.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ń pín lẹ́tà.
Ó mọ ilẹ̀kùn tó há,
ó mọ bàbá tí kì í ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀ àfi bí ẹnìkan bá dúró tì í,
ó mọ orúkọ gbogbo ajá.
Lóṣù kẹta èṣí ló ṣubú sínú yìnyín,
lẹ́tà fọ́n ká yí i ká bí ìyẹ́,
ọmọ ilé ìwé kan ló rí i, ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.
Ọmọ náà ń ṣa lẹ́tà, ó ń sunkún, ó ń ṣa lẹ́tà.

Lóru ó ní, "Reijo, bí mo bá gbàgbé orúkọ rẹ ńkọ́?"
Mo ní, "Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀.
Ti àtijọ́ yóò dúró, wọ́n ní tuntun ni yóò máa bọ́."
"Kí ló wá dé tí o fi ń sunkún?"
Mi ò dá a lóhùn. Mo lọ gbé kọfí kaná.
Lówùúrọ̀ ó fọwọ́ sí ìwé náà, gègé tó fi ń gba ìwé níbi iṣẹ́ ló lò.

Nígbà tí ewé padà sórí igi, wọ́n ka ọ̀rọ̀ mìíràn sí i létí.
Mẹ́jọ.
Dókítà mi orí díẹ̀, bí ẹni tí ó wù kí òun ṣìṣe.

Kò tíì ṣubú láti ọjọ́ náà, kò ṣubú rárá.
Ṣùgbọ́n lánàá, ní ẹnu ọ̀nà ilé kẹwàá, mo bá a lọ,
ajá tuntun wọn sáré wá,
Aune la ẹnu, ó dúró.
Ó dà bí ẹni tó ṣí àpótí lẹ́tà tí kò bá nǹkan nínú rẹ̀.
Ajá kò dúró de orúkọ. Ó ti ń lá ọwọ́ rẹ̀.

Lálẹ́ mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn àpòòwé: ilé kẹwàá, Nalle.
Aune gbà á, ó gbé e sún mọ́ iná.
Ó ní, "Ìkọ̀wé rẹ burú o, Reijo.
Látijọ́ ló ti burú."