Ojú Abẹ́rẹ́

Òwú dúdú, aṣọ dúdú.
Mo fi itọ́ lọ́ ẹnu òwú kó ṣe ṣóńṣó,
mo tì í, ó yà sọ́tùn-ún;
mo tún un tì, ó gba òsì lọ.
Mo ní kùrukùru òkè Èfọ̀n ló wọlé,
mo ní kí wọ́n tanná.
Iná ti wà ní títàn láti àárọ̀.

Orí ni mo ti ń ṣọ́ láti ọjọ́ yìí,
mò ń tú irun níwájú dígí,
mò ń wá ewú bí ẹní wá iná orí.
Àṣé ojú ni àlejò máa gbà wọlé.

Tẹjúmọ́lá, ọmọ iṣẹ́ mi, dìde lórí àpótí.
Kò rẹ́rìn-ín, kò wí nǹkan.
Ẹ̀ẹ̀kan péré, òwú ti kọjá.
Ó dá abẹ́rẹ́ padà,
ó ń bá bọ́tìnnì tirẹ̀ lọ.

Báyìí ni ìyá mi ṣe máa ń pè mí kúrò nídìí eré.
Ọ̀lẹ ni mo pè é nínú ọkàn mi.

Nígbà tí mo fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù,
abẹ́rẹ́ mẹ́fà wà lára tìmùtìmù kékeré,
òwú lójú gbogbo wọn.
Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.