Omi Orí Àga Irin

Ní Kubwa, lẹ́yìn ojú irin,
Tánkò ló gbẹ́ kànga wa.
A ń rí ṣóńṣó fìlà rẹ̀, nígbà tó yá a ò rí i mọ́,
àfi orin Haúsá tó ń ti ìsàlẹ̀ wá
àti garawa erùpẹ̀ pupa tó ń gòkè bọ̀.
Ní ọjọ́ kejìlá ó pariwo: "Ruwa!"
Ọkọ mi ju bàtà sílẹ̀, ó jó nínú ẹrẹ̀.

Ọdún mẹ́ta la fi fa okùn.
Àtẹ́lẹwọ́ mi le bí awọ bàtà.
Ni ọkọ mi bá ra táǹkì dúdú,
ó gbé e gorí àga irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin,
ó sọ ẹ̀rọ afami sísàlẹ̀ kànga,
ó sì ra jẹnẹrétọ̀.
Kì í ṣe kékeré tó ń fọ́nnu pé òun ju aládùúgbò òun lọ o.
Àgbà ni. Ẹni méjì ní í gbé e.

Jẹnẹrétọ̀ a mu bẹntiró kí táǹkì tó mu omi,
táǹkì a mu omi kí àwa tó mu.
Àwa la wá di ẹni ìkẹyìn lórí ìlà.

Lálẹ́, tó bá ti ń ké gbùdù-gbùdù,
ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ.
Ọkọ mi a kàn na ìka sókè.
Morádéyọ̀ a gun àkàbà,
a fi ẹ̀yìn ìka kan ikùn táǹkì:
lókè, gbọ̀ọ̀,
àárín, gbọ̀ọ̀,
nísàlẹ̀, kì.
Ibi tí gbọ̀ọ̀ ti di kì la ti ń wọn ọrọ̀ wa.

Asábẹ̀, obìnrin Gbàgyí tó ń gbé lẹ́yìn odi,
a máa wá pọnmi. Kì í ru ú lórí.
Èjìká ló ń gbé e lé.
Ó ní orí ni ọba ara, a kì í di ẹrù lé ọba.
Mo rẹ́rìn-ín, èmi tí mo ru omi ní Ìkirè
títí àtàrí mi fi pá.
Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn.

Oṣù kẹta dé, ooru tó lè yan ẹ̀pà lórí páànù.
Owó bẹntiró fò sókè, kò wẹ̀yìn.
Ọkọ mi lẹ bébà mọ́ ògiri:
kẹ́ẹ̀gì kan, àádọ́ta náírà.
Ó kọ ọ́ ní Yorùbá, ó kọ ọ́ ní Haúsá,
kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ti Gbàgyí.
Asábẹ̀ dúró pẹ́ níwájú bébà náà,
ó bi mí pé kí ló sọ.
Mo ní ó sọ pé omi kò tó.

Ọjọ́ kẹta ẹ̀, ẹ̀rọ fa iyanrìn.
Omi táǹkì pọ́n bí osùn.
Ẹ̀rọ hu lẹ́ẹ̀kan, ó kú.
Jẹnẹrétọ̀ ṣì ń ké, kò gbé nǹkan kan,
bí ẹni ń bá òkú jà.
Mo pa á. Ìdákẹ́jẹ́ ya bo àgbàlá.

Mo wá dòrò lọ sẹ́yìn ilé;
adìyẹ ti ń yé sínú rẹ̀.
Mo kó ẹyin mẹ́rin kúrò, mo so okùn,
mo sọ ọ́ sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dún.
Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún mo rí ojú ara mi,
kékeré, àti ọ̀run tí kò ju àwo ìjẹun lọ.
Mo ti gbàgbé pé kànga ní ojú.

Asábẹ̀ wọlé, kò kí mi, ó di ìdí okùn mú.
A jọ fà á. Omi pupa díẹ̀.
A jókòó tì í kó tòrò.
Ó ní, "Bébà yẹn, ọmọ mi ti kà á fún mi láti ìjẹta."

Mi ò rí nǹkan kan sọ.
Mo na ẹyin méjì sí i. Ó mú ọ̀kan.
Ó gbé ìkòkò lé èjìká, ó lọ.
Lókè, oòrùn ń yan táǹkì,
ó ń dá dún: gbọ̀ọ̀.