Ẹja Kan ní Ìjọra

Kúburátù jù ú sórí sìmẹ́ǹtì ilé yìnyín:
ó tẹ́ pẹrẹsẹ, bí abẹ̀bẹ̀ tí òjò pa.
"Kí lorúkọ eléyìí?"

Mo fọwọ́ tọ ìrù rẹ̀. Kò ní ọfà olóró;
lẹbẹ kékeré méjì ló jókòó sí ṣóńṣó rẹ̀.
Mo gbé imú rẹ̀ sí gílóòbù,
ìmọ́lẹ̀ là á kọjá bí ọ̀rá omi.
Mo yí i padà: ikùn dúdú ju ẹ̀yìn lọ.
Níbi tí oòrùn kì í dé,
ta ni èèyàn fẹ́ wọ funfun hàn?

Ó ku ẹ̀gún ẹ̀yìn.
Mo kà á, mẹ́tàlélógún.
Kúburátù ní mẹ́rìnlélógún, ó fìka kan ojú àpá:
"Eyín tó ká, ṣebí ó ti hù rí?"

Mo kọ "bóyá" sínú ìwé.
Yìnyín ń yọ́ lọ sí ọ̀sà.