Kan Búlọ́ọ̀kù, Kó O Gbọ́

Bàbá mi ò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà,
àtàǹpàkò ló fi ń tẹ ìwé.
Birikilà ni, ní Kúdẹtì. Tó bá dalẹ́,
ojú rẹ̀ a funfun bíi ti ẹni tó sùn sínú èlùbọ́.
Àmọ́ ó mọ ìṣirò kan tí tíṣà kankan ò kọ́ ọ:
àpò sìmẹ́ǹtì kan, iyanrìn páànù mẹ́wàá.
Kò gbọdọ̀ di mọ́kànlá,
bó ti wù kí ẹni tó gbé iṣẹ́ wá ṣẹ́jú sí i tó.

Tí oòrùn bá ti lu búlọ́ọ̀kù fún ọjọ́ mẹ́ta,
á ká ìka kò, á fi eegun ọwọ́ kàn án,
kó, kó,
á dẹtí.
"Àdìgún, eléyìí ń dáhùn.
Ìyẹn dákẹ́. Èyí tó bá ti dákẹ́, olè ló mọ ọ́n."

Lọ́jọ́ kan, èmi ni olè ọ̀hún.
Mo bu páànù kọkànlá sí i, ìkejìlá tẹ̀ lé e,
kí iṣẹ́ lè tètè parí, kí n ráyè gbá bọ́ọ̀lù.
Kò nà mí. Ó ní kí n gbé ọ̀kan lérí,
kí n rù ú dé Mólété, kí n rù ú padà.
Mi ò tíì dé Mólété
tó fi tú sí mi lọ́rùn.

Owó búlọ́ọ̀kù ló rán mi níwèé, láti orí síléètì
títí dé ọjọ́ tí wọ́n da aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ bò mí.
"Ọwọ́ mi mọ òtítọ́," bàbá ní,
"kò mọ bí wọ́n ti ń kọ ọ́. Ìwọ lọ kọ́ bí wọ́n ti ń kọ ọ́."

Ọlátẹ́jú náà wọ aṣọ dúdú lọ́jọ́ yẹn.
Ẹni tó bá a jókòó ṣèdánwò wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó ń pàtẹ́wọ́.
Lónìí, Ọlátẹ́jú ti di agbaṣẹ́ṣe ńlá.
Fáìlì rẹ̀ ló wà lórí tábìlì mi yìí ní Agódi:
afárá kékeré kan lẹ́yìn Olódó,
kí àwọn ọmọ iléèwé má baà máa wọ́dò kọjá.
Sìmẹ́ǹtì inú ìwé, àpò òjìlénírinwó.
Ti orí ilẹ̀, igba ó lé mẹ́wàá.
Mo wakọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo kàn án.
Ó dákẹ́.
Ọlátẹ́jú bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n,
ta lẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn mọ́?"
Àpòòwé kan wà lábẹ́ fáìlì,
ó wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn.

Lórí rédíò, wọ́n ń béèrè ohun tó sọ wá di tálákà.
Wọ́n ka epo rọ̀bì, wọ́n ka kòkó, wọ́n ka iye tí dọ́là ń lọ.
Kò sẹ́ni tó ka páànù kọkànlá.
Ẹni tó kàwé tí kò kọ́ ìtìjú,
ọ̀bẹ ìlú la bá a pọ́n, ìlú náà ni yóò fi gé.
Bẹ́ẹ̀ ìwà nìkan kì í ya pílánù afárá.
Bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀,
ẹni tó fi àtàǹpàkò buwọ́ lu fọ́ọ̀mù iléèwé mi.

Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì: Ẹ fọ́ ọ.
Ọwọ́ mi gbọ̀n, mi ò ní purọ́.
Owó iléèwé Àrínọlá ṣì kù nílẹ̀,
mo sì mọ ibi tí wọ́n máa ń gbé akọ̀wé bíi tèmi lọ,
ibi tí kò síná, tí kò sí fáìlì.
Òjò ti ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà Màpó.
Mo ká ìka kò,
mo kan àyà ara mi,
mo dẹtí.