Ilẹ̀kùn Mẹ́jọ

Oṣù kejì ni, Kanata dì gbagidi,
yìnyín ti bo ọkọ̀ Maureen dé dígí.
Nínú yàrá ìdánwò wa, ooru ló ń yọ wá lẹ́nu:
ṣíìpù kan tí kò tó èékánná àtàǹpàkò
gbóná bí ààrò, iná tó ń jẹ kò ṣeé fẹnu sọ.

Mo wo àpótí ìrántí tó sún mọ́ ọn jù,
ibi tó ń kó ohun tó ń lò lóòrèkóòrè sí
kó má baà máa rìnrìn àjò lọ sí àká ńlá lẹ́yìn odi.
Ilẹ̀kùn mẹ́jọ ló ní.
Bó bá ń wá ohun kan ṣoṣo,
mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà,
mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ń tan fìtílà sí.
Ọ̀kan a dáhùn; méje a ti jẹ iná lásán.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
bó bá ń wá awò ojú rẹ̀ láago méjì òru:
iná pálọ̀, iná kíṣìnì, iná balùwẹ̀,
iná yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí kò sọ̀ sí láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn,
awò á sì wà lórí Bíbélì, níbi tó máa ń wà.

Mo wá kọ́ ṣíìpù ní àbá dídá:
“Níbo lo ti bá a lánàá? Kan ilẹ̀kùn yẹn ná.”
Àbá ni ikán ń dá lórí òkúta;
tiwa mọ ibi tí igi wà.
Ìgbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ó bá a ní ìkànkùn àkọ́kọ́.
Ìgbà kẹwàá a pẹ́ díẹ̀. Deepak ní kí n má bò ó mọ́lẹ̀.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Ó ku àwọn ohun tí a tọ́jú tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè mọ́.
Òfin àtijọ́ ní: èyí tó pẹ́ jù láìlò, ẹ jù ú síta.
Mo ní ká dín iná orí wọn kù, kí wọ́n tòògbé,
kí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn má bọ́.
Bí a bá pè wọ́n, wọn á nàró.

Ìwọ̀n iná sọ̀ kalẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.
Kò sọ̀ púpọ̀. Ó tó kí Maureen pàtẹ́wọ́.

Mo délé. Gbogbo fèrèsé mọ́lẹ̀ kedere.
Nínú dúrọ́ọ̀ tó sún mọ́ orí bàbá mi jù,
kọ́kọ́rọ́ ilé Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà wà níbẹ̀,
ilé tí wọ́n ti wó lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn.
Ìṣirò mi mọ ohun tó yẹ kí n ṣe sí i.

Mo pa iná abẹ́ ilẹ̀. Mo pa ti kíṣìnì.
Mo ti dúrọ́ọ̀ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.